Ọ̀sẹ̀ Méjì ni Wọ́n Ní

Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì lojú fi ń mọ ilé tuntun.
Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Mo ṣì ń kí òpó ilé, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ọmọbìnrin tó wọn ojú mi ní Oríta-Mẹ́fà,
Títíladé lorúkọ tí wọ́n kọ sí i láyà,
ó ní, "Bàbá, òkè awò yìí, ọ̀nà jíjìn ló wà fún.
Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìwé."
Mo ní àárín ńkọ́?
Ó rẹ́rìn-ín. "Àárín á yanjú fúnra rẹ̀."
Kò tíì yanjú.
Àárín yẹn gan-an sì ni ayé mi wà:
ife tíì, bọ́tìnnì ẹ̀wù, ihò kọ́kọ́rọ́,
ọwọ́ tí ọ̀rẹ́ kan nà sí mi ní Mókọ́lá
tí mo fi bọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.

Èmi kan náà rèé o!
Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n to lẹ́tà òjé ní Òkè-Àdó,
tí mo ń ka ọ̀rọ̀ ní adoríkodò,
láti ọ̀tún wá sí òsì, bí ẹni ń fẹ̀yìn rìn,
tí àmì abẹ́ ẹ kan kò lè jábọ́ kó má ta sí mi lójú.
Ọ̀gá wa a ní, "Ojú Àkànjí kọ́ lèyí, ojú àṣá ni."
Lónìí, ilẹ̀ lásán ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo ní iṣẹ́ kan í jẹ́ ní Màpó.
Ẹ mọ àtẹ̀gùn Màpó.
Gígun rẹ̀ kò ṣòro; sísọ̀kalẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.
Mo wolẹ̀, ìpele kan di mẹ́ta,
èyí tó sún mọ́ mi ń sá,
èyí tó jìnnà ń bọ̀ wá pàdé mi
bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.
Òòyì kọ́ mi.
Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀:
òwe ni mo máa ń pe ìyẹn tẹ́lẹ̀.
Mo jókòó sórí òkúta, mo fìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀,
ìpele kan, ìpele kan,
pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tí Àṣàbí lọ̀ fún mi.
Àwọn ọmọléèwé dúró wò mí. Wọn ò rẹ́rìn-ín.
Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Kí n má parọ́, awò náà mọṣẹ́.
Níbi tí mo jókòó sí, mo rí òrùlé Ìbàdàn.
Tẹ́lẹ̀, pupa kan ṣoṣo ni, bí epo tó dà sórí ẹní;
àṣé páànù ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀:
táyà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, sálúbàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan,
bọ́ọ̀lù tí ọmọ kan ti sunkún lé lórí tó sì ti gbàgbé.
Mo rí ẹyẹ kan lórí wáyà lápá Ọjà-Ọba,
mo rí i bó ṣe ṣẹ́jú.

Mo délé. Àṣàbí ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá fèrèsé.
Mo fi òkè awò wò ó, ó rí bí ọmọge ìjọ́un.
Mo sún mọ́ ọn, mo fi ìsàlẹ̀ wò ó:
ìlà wà lábẹ́ ojú rẹ̀
tí kò sí nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi.
Àpá kékeré kan wà lágbọ̀n rẹ̀.
"Ìgbà wo lèyí?"
Ó ní, "Ọdún kẹfà rèé. Omi gbígbóná ni.
Ìwọ lo fi oyin sí i."

Lálẹ́ òní mo yọ jígí àtijọ́ nínú àpò,
èyí tí mo fi òwú so apá rẹ̀ kan.
Mo fi sójú. Ilé rọ̀.
Ògiri padà sáàyè rẹ̀, gbogbo nǹkan dán bí irọ́ tó dùn.
Àṣàbí kò ní àpá kankan.
Ó yọ ọ́ lójú mi, kò bínú,
ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí tirẹ̀.
"Ó ku ọjọ́ márùn-ún."
Ó dì mí lọ́wọ́ mú lọ sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀,
níbi tí ìpele kan ṣoṣo wà.
"Gbé ẹsẹ̀. Rárá, kò ga tó bẹ́ẹ̀. Gbé e kalẹ̀."
Mo gbé e kalẹ̀.
Ilẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.